Òórùn Inú Ìgò Bàbá Rélùwéè

Sájẹ́ǹtì Bùràímọ̀ fi aṣọ ìnujú di ìgò náà mú bí ẹni di ejò lọ́rùn mú, ó sì nà án sí ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ fúnra yín, sà. Ọtí ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n oògùn ojú egbò ló ń rùn."

Ìnspẹ́kítọ̀ Oyèdìran yọ ìdérí ìgò, ó gbé e sún mọ́ imú. Òórùn náà jáde bí ẹni tó ti ń dúró dè é láti ọjọ́ pípẹ́: èéfín, iyọ̀ òkun, àti áyódìn, oògùn pupa tí àwọn dírẹ́sà ilé ìwòsàn fi ń kun ojú egbò. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àgọ́ ọlọ́pàá Ìlobù pòórá lójú rẹ̀. Ó tún rí àgọ́ àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun ní Bọ́mà, níbi tí ọ̀gá rẹ̀, Kápútẹ́ènì ọmọ Sìkọ́tíláńdì, ti máa ń bu irú ọtí yìí fún un nínú ìdérí agolo, tí òjò ń pa àwọn méjèèjì. Kápútẹ́ènì yẹn kò padà sílé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín ni Oyèdìran kò ti fẹnu kan ọtí mọ́.

Ó dé ìgò náà padà.

"Ta ló sọ pé áyódìn ló wà níbẹ̀?"

"Gbogbo ayé, sà. Dírẹ́sà ni ìyàwó olóògbé náà nílé ìgbẹ̀bí. A bá ìgò áyódìn nínú àpótí rẹ̀, ó sì ti lò ó dé ìdajì. Ọkọ rẹ̀ mu ọtí yìí nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, kò pẹ́ tí gìrì fi mú un, ó kú. Kí la tún ń wá? Láàárọ̀ ọ̀la, mọ́tò á gbé e lọ sí Òṣogbo. Ó kù sọ́wọ́ adájọ́."

"Ó kù sọ́wọ́ okùn, lo fẹ́ sọ."

Bùràímọ̀ wolẹ̀. "Bó bá jẹ̀bi, sà."

"Mo gbọ́ pé ó lóyún."

"Oyún náà ti hàn, sà."

Oyèdìran kórìíra ìfiṣòfò. Ó kórìíra kí a fi epo ṣòfò, kí a fi àkókò ṣòfò, kí a fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ṣùgbọ́n kò mọ ìfiṣòfò tó tó kí a fi ẹ̀mí méjì san ẹ̀mí kan tó ti lọ, láìwádìí.

Wọ́n mú Màríámọ̀ jáde láti àhámọ́. Ọmọdébìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, ojú rẹ̀ sì gbẹ táútáú. Wọn kò jẹ́ kó ráyè sunkún ọkọ rẹ̀ kí wọ́n tó mú un.

"Dìde, jókòó. Ta ló bu ọtí fún ọkọ rẹ?"

"Ọkọ mi kékeré ni, sà. Bọ̀ọ̀dá Ọlábánjí, àbúrò ọkọ mi, Bàbá Stella. Àwọn méjèèjì ló jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mò ń kírun mọ̀gàrìbá nínú yàrá."

"Mo gbọ́ pé wọ́n ní kí o tọ́ ọtí náà wò, o kọ̀."

"Bàbá Stella ti kú tán kí Àǹtí Stella, ọmọ wọn, tó gbé ìgò sí mi lẹ́nu. Wọ́n ní bí ọwọ́ mi bá mọ́, kí n mu ún." Ó mi orí. "Mùsùlùmí ni mí, sà. Bàbá Stella fúnra wọn ò fi lọ̀ mí rí. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò fi ẹ̀sìn mi ṣeré. Bí wọ́n bá ti mu ún tán, wọ́n á ṣan ẹnu wọn kí wọ́n tó wọlé tọ̀ mí wá."

"Irú òórùn wo ni ọtí náà máa ń ní?"

Ó gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Òórùn ibi iṣẹ́ mi ni, sà. Bí wọ́n ṣan ẹnu, bí wọn ò ṣan án, mo máa ń gbọ́ ọ. Màá ní, 'Bàbá Stella, ẹ tún ti lọ gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ dírẹ́sà míì.' Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ìgò yẹn ló ti ń rùn bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún ọlọ́pàá. Wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa."

Sájẹ́ǹtì Bùràímọ̀ ń wo ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀.

Ìlobù àti Ìfọ́n kò jìnnà síra. Ẹni tó bá ń jẹ iṣu sísun lójú ọ̀nà lè má jẹ ẹ́ tán kó tó dé ibi tó ń lọ. Síbẹ̀, ọyẹ́ ọdún náà mú, eruku sì ti kun aṣọ àwọn ọlọ́pàá méjèèjì kí wọ́n tó dé ilé olóògbé.

Ọládèjì ni orúkọ olóògbé, ṣùgbọ́n Bàbá Rélùwéè ni gbogbo Ìfọ́n ń pè é, nítorí ibi iṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Òyìnbó ẹnjiníà tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló fún un ní ìgò ọtí náà ní ọjọ́ tí wọ́n ń sìn ín kúrò. Bàbá Rélùwéè kì í mu ún bí ọ̀mùtí. Ife kékeré kan ni, nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, pẹ̀lú ẹni tó bá wá kí i.

Stella, àkọ́bí rẹ̀, ló jáde pàdé wọn. Tíṣà ni, ó wọ aṣọ dúdú, ó sì ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó yíkàá díẹ̀.

"Ẹ ṣé tí ẹ wá, sà. Ṣùgbọ́n a ti mọ ẹni tó pa bàbá wa. Ìlobù ni Bàbá ti lọ fẹ́ ikú wálé."

"Ọmọ Ìlobù lèmi náà," ni Oyèdìran wí.

Stella tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Níbo lo wà nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì, sà."

"Sájẹ́ǹtì ti bi wọ́n. Kò sí ìsìn ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ náà."

Ìwo ojú Stella yí padà. Bùràímọ̀ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tó rò pé yóò sá.

"Ibi sàréè ìyá mi ni mo wà," ó wí nígbà tó yá. Gbogbo ìgbéraga ti jáde lára rẹ̀. "Bàbá kó ẹbí jọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní oko kòkó tó wà lódìkejì odò, ọmọ tó wà nínú oyún yẹn ló ni ín. Bàbá Kékeré, àbúrò wọn, ló ń roko yẹn láti ìgbà tí Bàbá ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá Kékeré ò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo bínú. Mo ní wọn ò gbọdọ̀ pe ọmọ yẹn ní àbúrò mi. Mo bínú jáde. Nígbà tí mo dé, Bàbá ò lè dáhùn mọ́." Ó bo ojú. "Ọ̀rọ̀ tí mo bá wọn sọ kẹ́yìn nìyẹn, sà."

Oyèdìran dúró kó nu ojú rẹ̀. Obìnrin yìí kọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ pa bàbá rẹ̀ kì í kọ́kọ́ lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun òkú ìyá rẹ̀.

"Ife tí bàbá rẹ fi mu ọtí dà?"

"Bàbá Kékeré ti fọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí ọmọdé má lọ fi bu omi mu."

"Ọtí tó kù nínú rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n dà á sídìí ògiri, níbẹ̀ yẹn." Ó nawọ́. "Ibẹ̀ náà ni a ti bá àkùkọ Bàbá lọ́jọ́ kejì, tó ti kú. Àwọn àgbà ní ó bá olówó rẹ̀ lọ ni. A sin ín sẹ́yìnkùlé, a ò jẹ ẹ́."

Oyèdìran wo ìdí ògiri náà fún ìgbà díẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí Bùràímọ̀ létí, Bùràímọ̀ sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ọlábánjí jókòó láàárín àwọn àgbà ẹbí, ojú rẹ̀ pọ́n. Yàtọ̀ sí oko tó ń ro, akọ̀wé ni lọ́dọ̀ òyìnbó kan tó ń ra kòkó ní Òṣogbo. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ tán pátápátá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ tó wọ̀ kì í ṣe aṣọ ilẹ̀lẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀," ni Oyèdìran wí. "Ẹ̀yin lẹ bu ọtí fún ẹ̀gbọ́n yín?"

"Èmi ni, sà. Mo gbé ife wá láti inú ilé, mo bu ọtí sí i, mo tọ́ ọ wò, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn."

Àwọn àgbà mi orí. Kò sí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ní Ìfọ́n tàbí ní Ìlobù tí kò mọ̀ pé ẹni tó bá bu ẹmu tàbí ọtí ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú ẹni tó fẹ́ bù ú fún. Ìdánilójú nìyẹn, pé kò sí ikú nínú igbá.

"Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?"

"Ó dùn, sà. Ó rọra ń ta sánsán bí oyin. Mo mọ ọtí yẹn dáadáa. Òyìnbó wa máa ń fún wa mu níbẹ̀ lọ́dún Kérésìmesì. Ìgò kan náà, ìwé kan náà lára rẹ̀, orúkọ oníṣòwò kan náà. Kò sí òórùn oògùn nínú rẹ̀ nígbà tí mo tọ́ ọ wò. Mo lọ sẹ́yìnkùlé lẹ́yìn náà. Ìgbà yẹn ni obìnrin yẹn ráyè da nǹkan sí i."

"Ẹ lè búra pé ẹ tọ́ ọ wò?"

"Mo lè fi Bíbélì búra."

Oyèdìran kò ní kó búra. Ó ní kí Stella bá òun wá ẹ̀kọ tútù, funfun, kó tú u sórí ewé méjì. Àwọn ènìyàn wo ara wọn. Bàbá àgbà kan rẹ́rìn-ín ìbànújẹ́. "Ebi ń pa ọlọ́pàá."

"Ebi òtítọ́ ni, Bàbá," ni Oyèdìran fèsì.

Ó yọ ìgò áyódìn Màríámọ̀ jáde, ó kán díẹ̀ sórí ẹ̀kọ àkọ́kọ́. Gbogbo ènìyàn na ọrùn. Ojú kan tí oògùn pupa náà bọ́ sí dúdú bí aró.

"Bí áyódìn ṣe máa ń ṣe ẹ̀kọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe iṣu, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ẹ̀gẹ́. Kò lè fi ara pa mọ́ fún wọn." Ó gbé ìgò ọtí, ó kán díẹ̀ sórí ẹ̀kọ kejì. Wọ́n dúró. Ọtí náà wọnú ẹ̀kọ lọ. Ẹ̀kọ funfun bó ṣe wà.

"Kò sí áyódìn níbẹ̀," ni Stella wí, ohùn rẹ̀ kò ju ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú lọ.

"Kò sí i. Kò sì sí níbẹ̀ rí."

Oyèdìran bu díẹ̀ sínú ife. Ó fi ètè kàn án, ó gbé e dúró lórí ahọ́n. Ó ń wá nǹkan àjèjì, kò rí. Èéfín ló kọ́kọ́ dé, èéfín àtijọ́, bí ti àjà tí wọ́n ti ń yan ẹja láti ìgbà ìyá ìyá ẹni. Lẹ́yìn náà, iyọ̀. Lẹ́yìn náà, oògùn ojú egbò. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, adùn kékeré kan tó ń bọ̀ nígbẹ̀yìn, bí ọmọ tó ń tijú. Stella pariwo pé kó tu ú. Ó gbé e mì. Omi lé sí ojú rẹ̀, kì í sì ṣe nítorí ọtí náà nìkan.

"Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti kú ló fi irú ọtí yìí hàn mí," ó wí. "Nílùú tirẹ̀, ilẹ̀ dúdú inú àbàtà ni wọ́n ń gé, tí wọ́n ń sá gbẹ, tí wọ́n fi ń dáná sábẹ́ ọkà wọn kí wọ́n tó fi pọn ọtí. Èéfín yẹn kì í kúrò nínú rẹ̀ mọ́. Láti inú àgbá ló ti ń rùn báyìí." Ó gbé ìgò sókè. "Orúkọ ńlá tó wà lára ìgò yìí kì í ṣe ti ẹni tó pọn ọtí. Oníṣòwò ni. Ó ń ra àgbá kan lọ́dọ̀ apọntí kan, ó ń ra òmíràn lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ó ń rọ gbogbo wọn sínú ìgò tirẹ̀, ó sì ń lẹ orúkọ tirẹ̀ mọ́ wọn. Orúkọ kékeré ìsàlẹ̀ yìí ló ń sọ ibi tí ọtí ti wá. Bí alárobọ̀ kan bá ra ẹmu lọ́dọ̀ adẹ́mu Ìfọ́n, tó tún rà lọ́dọ̀ adẹ́mu Ẹ̀rìn, tó rọ wọ́n sínú agbè tirẹ̀, ṣé agbè ló máa sọ wọ́n di ẹmu kan náà?"

"Rárá o," ni bàbá àgbà náà dáhùn.

"Ọ̀gbẹ́ni Ọlábánjí, èyí tí òyìnbó yín ń fún yín mu, wọn ò fi èéfín yan ọkà rẹ̀. Oyin lẹ bá níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ èyí wò."

Ọlábánjí wo ife náà. Àwọn àgbà ń wò ó. Kò sí bó ṣe lè kọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí ọlọ́pàá ti mu ún tán. Ó gbà á, ó da á sẹ́nu bí ẹni tó mọ ohun tó ń mu.

Ikọ́ gbé e. Ó wú u títí ó fi di ògiri mú, ojú rẹ̀ pọ́n kankan, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹni tó ti mu ún rí kì í rí bẹ́ẹ̀," ni Oyèdìran wí jẹ́jẹ́. "Ẹ ní ẹ tọ́ ọ wò ní Sọ́ńdè. Ẹ ò tọ́ ọ wò. Èéfín ò lè ṣàìsí níbẹ̀. Ẹni tó bá bu ọtí tí kò tọ́ ọ wò, ó mọ ohun tó wà nínú ife."

Bùràímọ̀ jáde láti ẹ̀yìnkùlé. Ó gbé àkùkọ tó kú náà sínú àpò ìdọ̀họ, eruku kún ọwọ́ rẹ̀.

"Àkùkọ yìí kò bá olówó rẹ̀ lọ," ni Oyèdìran wí. "Ohun tí ẹ dà sídìí ògiri ló ṣà jẹ. Àwọn dókítà ní Ìbàdàn á la ikùn rẹ̀. Mo rò pé oògùn tí a ń fín sí kòkó ni wọ́n máa bá níbẹ̀. Ìdí ife lẹ ti kán an sí kí ẹ tó gbé e jáde nínú ilé. Ìgò mọ́. Òórùn ìgò ló bá yín bo òórùn ife."

Ọlábánjí rọra jókòó sílẹ̀, sórí ilẹ̀ lásán, pẹ̀lú aṣọ rere tó wọ̀.

"Ọwọ́ mi yìí ló gbin kòkó yẹn," ó wí. "Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá wà lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, èmi ni òjò ń pa lóko. Wọ́n wá gbé e fún ọmọ tí a ò tíì bí." Ó nu ẹnu. "Sà, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ̀kan yìí. Mo ti bá ara mi sọ ọ́ pé bí wọ́n bá ní kí n tọ́ ọ wò, màá da á nù. Màá ní eṣinṣin kó sí i. Mo gbé ife náà dúró lọ́wọ́ kí wọ́n lè sọ ọ́."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n na ọwọ́. Mo ní, 'Bọ̀ọ̀dá, mi ò tíì tọ́ ọ wò.' Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Gbé e wá, jàre. Ta ló ń tọ́ ọtí wò fún ọmọ ìyá rẹ̀?'"

Bàbá àgbà náà fi fìlà bo ojú. Stella kò lè wo ibi tí Ọlábánjí jókòó sí. Bùràímọ̀ ló fi ọwọ́ di Ọlábánjí mú nígbà tí wọ́n ń gbé e dìde.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àhámọ́ ní Ìlobù. Oyèdìran ṣàlàyé ohun gbogbo fún Màríámọ̀ láìfi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Kò yọ̀. Ó bi í léèrè ẹ̀ẹ̀kan pé, "Ọkọ mi kékeré?" Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pa ikùn rẹ̀.

Stella dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti dé fún ìgbà díẹ̀, kò mọ bí yóò ṣe wọlé. Níkẹyìn ó wọlé, ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi bo èjìká ìyàwó bàbá rẹ̀.

"Ìyàwó wa," ó wí, "jẹ́ ká lọ sílé. Àbúrò mi ò gbọdọ̀ sùn síbí."

Màríámọ̀ dìde. Ìgò náà wà lórí tábìlì, níbi tí Bùràímọ̀ ń lẹ̀ ẹ́ dì fún kọ́ọ̀tù. Ó dúró níwájú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ṣé mo lè gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ? Mi ò ní mu ún."

Òfin kò gba irú ìyẹn láàyè. Oyèdìran wo òfin náà lọ́kàn, ó wo obìnrin náà, ó sì mi orí sí Bùràímọ̀ pé kó ṣí i. Sájẹ́ǹtì kò wá aṣọ ìnujú mọ́. Ọwọ́ lásán ló fi gbé ìgò náà, ó yọ ìdérí rẹ̀, ó sì gbé e sún mọ́ ọn.

Màríámọ̀ pa ojú dé, ó fà á símú. Ẹkún tí kò ráyè jáde láti Sọ́ńdè wá dé.

"Òórùn tí wọ́n torí rẹ̀ mú mi nìyí," ó wí láàárín ẹkún. "Òórùn ọkọ mi ni."

Wọ́n jẹ́ kó sunkún títí. Kò sí ẹni tó tètè dé ìgò náà.